Ààbò Dúkìá àti Owó Ìpamọ́: Àgbéyẹ̀wò láti Ìlú Onitsha

Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí Ajé, Ògúgúlùsọ̀, fi ṣe ibùjókòó ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a kò sì dárúkọ Onitsha lẹ́yìn Èkó àti Kánò, a jẹ́ pé ẹni tó ń kà á kò tí ì fẹsẹ̀ kan bèbè Odò Ọya rí. Apá ìlà-oòrùn odò náà ni ìlú yìí wà, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ó dojú kọ Asaba, afárá tí a parí ní 1965 sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjà ńlá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọjà tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn ń wọ̀, tó ń jẹ, tó ń kàn mọ́ ọkọ̀, tàbí tó fi ń wo àìsàn, tí a kì í rí rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi ọjà ni mo fẹ́ fi gba àkókò òǹkàwé lónìí. Ìbéèrè kan wà tí ìtàn ìlú náà ti ń bi olówó àti tálákà láti ìgbà tí a ti ń ná ẹyọ títí di ìgbà tí a ń fi fóònù sanwó: nígbà tí ènìyàn bá ti ṣiṣẹ́, tí ó ti kó jọ, ọgbọ́n wo ni yóò dá tí ìjọba, ọ̀tá, tàbí ẹbí tirẹ̀ gan-an kò fi ní gbẹ́sẹ̀ lé e?

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí á fi í pamọ́: kí á gbẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí á rán an mọ́ inú tìmùtìmù, kí á fi orúkọ ẹlòmíràn kọ́lé, kí á má jẹ́ kí ìyàwó mọ iye tó wà ní báńkì. Ìdáhùn náà kò ṣàì nídìí, nítorí ojú tó rí owó ẹni kì í ṣe ojú kan náà tó rí òógùn tí a fi wá a. Síbẹ̀, bí mo ti yẹ ọ̀rọ̀ Onitsha wò láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí mo rí ni pé èyí tí a fi pamọ́ jù lọ ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Pé èyí tó ní ẹlẹ́rìí púpọ̀, nínú ìwé àti láàárín ènìyàn, ni ó máa ń padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Àti pé ẹ̀rí náà pàápàá kò níláárí níbi tí kò bá ti sí ilé ẹjọ́ tó lè wo ojú ìjọba kí ó sọ fún un pé rárá.

Ọdún 1857 ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọlọ́run sì sọ di ẹni ńlá, bá ọkọ̀ gòkè odò dé Onitsha, tí wọ́n sì dá ìjọ CMS sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ àlùfáà John Christopher Taylor. Bí ìhìnrere ti dé ni òwò Òyìnbó dé, aáwọ̀ sì tẹ̀ lé òwò. Ní 1879, nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun ọba wọn wá, ó sì yìnbọn lu ìlú náà. Láti 1886 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ti gba ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi sọ odò tí gbogbo ènìyàn ń tù di ọ̀nà tí ẹni tí kò gba ìwé lọ́wọ́ wọn kò gbọdọ̀ bá kọjá pẹ̀lú ọjà, títí ìjọba fi gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọdún 1900 wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Onitsha kọ́ nípa ìgbẹ́sẹ̀lé ni pé ẹni tó bá ní ìbọn àti ìwé pa pọ̀ lè gba ohun tí kò sí nílé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ara owó fúnra rẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní agbègbè Onitsha nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ná an ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olówó sì ń kó o jọ ní àpò-àpò. Nígbà tí ṣílè àti pẹ́nì Òyìnbó gba ipò, ẹyọ kú sínú àpò àwọn tó ni ín. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ bí ìjọba ti wá bá àwọn ará apá gúúsù ìlà-oòrùn pààrọ̀ màníílà wọn láàárín 1948 àti 1949. Kò sí olè tó fọ́lé, kò sí ọmọ ogun tó wọ̀lú, síbẹ̀ ọrọ̀ ogún ọdún di ohun ọ̀ṣọ́ ara igbá. Àwọn àgbà Onitsha sì ti ní ọgbọ́n mìíràn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tó bá rí owó a fi jẹ oyè Ọ̀zọ̀. Owó tó san ni àwọn tó ti jẹ ẹ́ ṣáájú yóò pín, òun náà yóò sì máa jẹ nínú ti àwọn tó bá ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi pin. Obìnrin tó bá rọrùn a wọ ẹgbẹ́ Ọdụ̀, yóò fi eyín erin sọ́wọ́ sọ́sẹ̀, gbogbo ìlú yóò sì mọ̀ pé ti lágbájá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ọgbọ́n yìí ti lòdì sí ti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ yàrá: wọ́n gbé ọrọ̀ wọn síta gbangba, wọ́n fi sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ó ṣòro láti gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni báńkì dé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí dá báńkì tiwọn sílẹ̀ nítorí pé báńkì Òyìnbó kì í sáábà yá aláwọ̀ dúdú lówó: National Bank tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 1933, àti African Continental Bank ti Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha tí a bí ní Zungeru. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké tó yọ yẹ́ẹ́ lẹ́yìn wọn ló wọlẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn mẹ̀kúnnù kí òfin báńkì ti 1952 tó dé. Èmi kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí ojú Onitsha rí nínú ogun Biafra, láàárín 1967 àti 1970, ẹnu kò gbà á sọ tán. Ní oṣù kẹwàá 1967 àwọn ọmọ ogun Biafra fọ́ afárá Odò Ọya kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ má bàa rí i gbà. Àwọn wọ̀nyí fi ọkọ̀ sọdá lọ́nà mìíràn, a lé wọn padà, wọ́n tún wá, títí wọ́n fi gba ìlú náà ní oṣù kẹta 1968 lábẹ́ Murtala Muhammed. Nínú ìlọbọ̀ yìí ni ọjà ńlá náà jóná tí a sì kó o lẹ́rù. Ẹni tó ní ìsọ̀ aṣọ mẹ́wàá sùn ní olówó, ó jí ní aláìní. Ṣùgbọ́n iná jíjó kì í ṣe ìgbẹ́sẹ̀lé. Ọwọ́ òfin ni èyí tó le jù gbà wá. Ní oṣù kìíní 1968, ìjọba àpapọ̀ pa àwọ̀ owó Nàìjíríà dà, owó àtijọ́ sì di bébà. Biafra náà tẹ owó tirẹ̀ ní oṣù kan náà. Ẹni tó ti ri pọ́n-ùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ̀ pé báńkì kò mọ̀, kò ní ibi tí yóò ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe kí ó gba owó ìjọba tí ayé kò mọ̀ dípò rẹ̀.

Ogun parí ní oṣù kìíní 1970. Owó Biafra di ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré, ìjọba sì ṣe òfin kan lórí gbèsè àwọn báńkì ní àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn, èyí tó wọ́gi lé àwọn òwò báńkì tó wáyé nígbà ogun. Láti inú ètò yìí ni 20 pọ́n-ùn tó di orin ẹnu gbogbo ayé ti jáde: iye owó Biafra yòówù tí ènìyàn ìbáà kó wá, iye yòówù tó ìbáà wà lórúkọ rẹ̀ nínú àkáǹtì tó ti bá ogun lọ, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ìnáwó nígbà náà, gbèjà ara rẹ̀ nígbà tó yá pé àwọn tí ìwé báńkì wọn wà ní tòótọ́ rí owó wọn gbà, pé owó Biafra tí kò ní ìdíwọ̀n ni 20 pọ́n-ùn náà wà fún. Àwọn tó pàdánù kò gbà bẹ́ẹ̀. Chinua Achebe tún gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ ti 2012, ariwo sì sọ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò yìí láti dá ẹjọ́ olóògbé. Ohun tí mo lè sọ, tí àwa Yorùbá kì í sáábà fẹ́ sọ síta, ni pé ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ṣáájú ogun, tí a wá ka 20 fún, kò ní nǹkan mìíràn tí yóò pè é ju ìgbẹ́sẹ̀lé lọ, ohun yòówù kí ẹni tó ka owó náà ní lọ́kàn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí òfin ti 1972 sì pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì ta ìpín ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ta ni yóò fi 20 pọ́n-ùn ra ìpín?

Ilé ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìyàtọ̀ tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àwọn ọmọ Ìgbò tó sá kúrò ní Èkó nígbà tí ogun ń bọ̀ fi ilé wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ilé náà ní ìdúró, àwọn mìíràn tilẹ̀ bá owó ilé tí àwọn aládùúgbò tàbí aṣojú ti ń gbà pamọ́ dè wọ́n. Ní Port Harcourt, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti apá Onitsha àti Nnewi ti kọ́lé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers ṣe òfin ní 1969 tó pe àwọn ilé wọ̀nyí ní dúkìá tí a pa tì, ó sì kó wọn sábẹ́ ìṣàkóso ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni a tà fún ẹlòmíràn, ìjọba ológun àpapọ̀ sì fi òfin mìíràn dè é ní 1979, ní kété kí wọ́n tó gbé ìjọba fún alágbádá. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ àwọn onílé ní ìlú méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní Èkó àwọn aládùúgbò jẹ́rìí, ìjọba kò sì ta ko ẹ̀rí wọn. Ní Port Harcourt ìjọba fúnra rẹ̀ ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ni adájọ́, òun náà ló sì ń ta ilé.

Kí ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn kan lọ́hùn-ún ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ogun Biafra kò tí ì parí, ìjọba Busia ní Gáánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìníṣà àti Ọ̀ffà tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kùmásí, Tamale àti Accra láti ayé bàbá wọn kó ẹrù díẹ̀, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ pé wọn kò ní lè padà wá bèèrè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń hù ní Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò Onitsha ti ń rí i dájú pé kí òun tó kọ́ ilé kejì sí ìgboro, ti abúlé òun ti dúró, láàárín àwọn ẹbí tí kò sí òfin tó lè sọ fún wọn pé àjèjì ni òun.

Bí a bá wá bèèrè pé ilé ẹjọ́ ńkọ́, ìdáhùn náà gùn, ó sì ní ayọ̀ àti ẹkún nínú. Èyí tó dùn jù lára rẹ̀ ti Èkó wá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá, tí ó ní olóyè Àmọ́dù Tìjánì Olúwa kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ilẹ̀ náà ju owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ, olóyè náà pẹjọ́, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921 ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Privy Council, dá a láre pé ìjọba tó gba ìlú kò tipa bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún un nítorí ìdílé rẹ̀. 22,500 pọ́n-ùn ni wọ́n sì san. Ẹ̀rí tó gbe olóyè náà kì í ṣe ti ìwé ilẹ̀; ẹ̀rí àwọn ènìyàn Èkó ni, tí wọ́n mọ bí ilẹ̀ ti ń rìn láti ọwọ́ bàbá sí ọwọ́ ọmọ.

Èyí tó korò tẹ̀ lé e ní 1970, ní ọdún 20 pọ́n-ùn gan-an. Ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe òfin kan ní 1967 láti yẹ dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn wò, ó sì fi gbẹ́sẹ̀ lé ohun-ìní wọn; ìjọba àpapọ̀ tún ṣe òfin mìíràn ní 1968 tó fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, sọ nínú ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò mọ̀ sí ti Lakanmi pé ìjọba kò lè sọ ara rẹ̀ di adájọ́ kí ó sì dárúkọ ẹni tí yóò gba dúkìá rẹ̀ nínú òfin. Kí oṣù karùn-ún tó dé àárín, àwọn ológun ti ṣe òfin 28 ti ọdún náà pé kò sí ilé ẹjọ́ tó lè yẹ òfin wọn wò. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo máa ń rò ó pé bí ó bá ṣe pé àwọn ènìyàn Onitsha ti lọ sí ilé ẹjọ́ lórí owó wọn ní ọdún náà, òfin 28 yìí ni wọn ìbá fi rán wọn padà sílé.

Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà ni ọ̀kan tó jẹ́ ìtura dé, orúkọ ẹni tó ni ín sì mú kí ó wọnú ọ̀rọ̀ wa dáadáa. Odumegwu Ojukwu, ọmọ Nnewi, ẹni tó ṣe olórí Biafra, padà dé láti ìgbèkùn ní 1982, ó sì ń gbé ní ilé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, èyí tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tí òwò ọkọ̀ sọ di gbajúmọ̀. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé e jáde pẹ̀lú agbára nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba náà wá bẹ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1986 pé kí wọ́n dá àṣẹ tí a pa pé kí a dá a padà sílé dúró, àwọn adájọ́, tí Káyọ̀dé Eṣọ ọmọ Iléṣà àti Andrews Obaseki wà nínú wọn, kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó tẹ òfin mọ́lẹ̀ kò lè wá máa bẹ̀bẹ̀ fún ààbò òfin kan náà. Ológun ṣì wà lórí oyè lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé adájọ́ ilẹ̀ yìí kò lè ṣe nǹkan kan. Adájọ́ kan-kan ti ṣe é rí, lójú ìbọn.

Lórí bébà, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dára. Abala 43 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi. Abala 44 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi agbára gba dúkìá ẹnikẹ́ni àyàfi lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, pẹ̀lú owó gbà-máà-bínú tí a kò ní fi falẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́ lórí iye rẹ̀. Abala yìí kò bo olè mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ó bò ó: bí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, bá lọ gba àṣẹ nílé ẹjọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé ilé tí a fi owó ìlú kọ́, ohun tó ń padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ ni. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni àṣẹ ìgbà díẹ̀ tí a ń gbà láìjẹ́ pé ẹni tó ni àkáǹtì mọ̀, tí ìgbà díẹ̀ náà wá di ọdún gbọọrọ, tí òwò ẹni tí a kò tí ì dá lẹ́bi ti kú kí ẹjọ́ tó parí.

Ṣé owó tí a fi sí abẹ́ ilẹ̀ kò ní irú ìyọnu báyìí? Ó ní èyí tó jù ú lọ. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba Buhari ti ibodè, ó pa àwọ̀ náírà dà, ó sì fún àwọn ará ìlú ní àkókò tí kò tó oṣù kan láti pààrọ̀ tọwọ́ wọn. Oníṣòwò tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó ní wà láàárín kí ó jẹ́wọ́ àti kí ó sun ún níná. Ní ìparí 2022 Godwin Emefiele, olórí báńkì àpapọ̀ nígbà náà, tún gbé ti 200, 500 àti 1,000 jáde ní àwọ̀ tuntun, ó sì fi òpin oṣù kìíní 2023 ṣe gbèdéke, kí ó tó sún un síwájú díẹ̀. Owó tuntun kò tó, ti àtijọ́ kò ṣe é ná, àwọn ènìyàn sì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara ló gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2023 pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó. Ìgbà mẹ́ta ni èyí ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ẹni tó fi owó pamọ́ jù lọ ni ó sì máa ń dùn jù lọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń sọ pé kí á fi wúrà dípò náírà kò ṣìnà pátápátá, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ní 1933 Roosevelt pàṣẹ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ọlọ́rọ̀ ayé, pé kí wọ́n kó wúrà wọn wá fún ìjọba ní dọ́là 20.67 lórí ọ́ńsì kan, tí ó sì sọ ọ́ di dọ́là 35 lọ́dún kejì nígbà tó ti wọ ọwọ́ ìjọba tán.

Báńkì náà ń kú, a kò lè sẹ́ ẹ. Ní oṣù kìíní 1998 nìkan, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìjọba tì pa. Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Anambra lónìí ni olórí báńkì àpapọ̀ tó fún àwọn báńkì 89 ní gbèdéke pé kí olúkúlùkù ní bílíọ̀nù 25 náírà, tí wọ́n fi di 25 nígbà tí 2005 parí. African Continental Bank ti Azikiwe wọnú Spring Bank, National Bank ti àwa náà wọnú Wema. Fún mẹ̀kúnnù, iye tí NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, yóò san fún un bí báńkì rẹ̀ bá kú ni kí ó mọ̀: 50,000 náírà ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di 500,000, láti oṣù karùn-ún 2024 ó sì ti di mílíọ̀nù 5 ní báńkì ńlá àti mílíọ̀nù 2 ní báńkì kékeré ti àdúgbò. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn ìkéde náà tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 15, tí ó sì fi gbogbo rẹ̀ sí báńkì kan ṣoṣo, ó ní ohun tó ń ṣe é.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ ìjọba kankan tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àbúrò ọkọ ni. Ilé kan ní Onitsha ni ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enúgu ní 1997. Ẹni tó ni ilé náà jẹ́ ọmọ Nnewi, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kú, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan bá ní àṣà Nnewi fún òun ní ogún náà níwọ̀n bí kò ti sí ọkùnrin mìíràn. Ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé kan ní Onitsha, tí wọ́n fi obì gbà: àlejò a mú obì wá fún onílẹ̀, onílẹ̀ a gbà á láàyè láti kọ́lé, ọmọbìnrin sì lè jogún irú ìní bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Niki Tobi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àṣà ibi tí ilẹ̀ wà ni a ó tẹ̀ lé, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń gba ogún lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé obìnrin ni. Obì, ohun tí a ń jẹ tán, ló di ẹ̀rí tó gba ilé là.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìsọ̀ jóná, báńkì kò sanwó, ilé Port Harcourt sì lọ, kí ni Onitsha fi dìde lẹ́yìn 1970? Ènìyàn ni. Oníṣòwò a máa mú ọmọ ará abúlé rẹ̀ sí ìsọ̀, ọmọ náà yóò sìn ín fún ọdún bíi márùn-ún tàbí méje láìgba owó oṣù, lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò fún un ní owó àti ọjà láti fi dá dúró. Ọ̀gá tó ti dá ọmọ mẹ́fà sílẹ̀ ní Kánò, Èkó àti Ìbàdàn kí ogun tó dé ní ọrọ̀ ní ibi mẹ́fà tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ó lè fi ẹnu lásán gba ọjà ní àwìn lọ́wọ́ ẹni tó ti sìn ín rí. Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú èésú àti àjọ, níbi tí orúkọ rere ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé. Mo mọ àléébù rẹ̀: ọ̀gá mìíràn a máa wá ẹ̀sùn sí ọmọ lọ́rùn nígbà tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, alájọ mìíràn a sì máa gbé owó sá lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ènìyàn kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé, ìwé kò sì lè ṣe iṣẹ́ ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá ti ní ìwé ilẹ̀, ìwé báńkì àti rìsíìtì, kí ó jẹ́ kí ẹnì kan tàbí méjì tó fọkàn tán mọ ibi tí wọ́n wà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí báńkì àpapọ̀ gbé jáde ní 2024, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá yóò bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú báńkì àpapọ̀ títí olówó rẹ̀ tàbí àrólé rẹ̀ yóò fi wá. Baba tó fi àkáǹtì pamọ́ fún ìyàwó àti ọmọ, báńkì àpapọ̀ ló ń pa á mọ́ fún.

Ilẹ̀ ni gbogbo èyí kò tí ì tán nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí àwọn ológun ṣe ní oṣù kẹta 1978 kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ẹni tí a ń pè ní onílẹ̀ sì di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀. Gómìnà lè gba ẹ̀tọ́ náà padà nítorí ire ìlú. Ilé, irè oko àti owó ìṣákọ́lẹ̀ tí a san ní ọdún náà ni yóò fi ṣírò owó gbà-máà-bínú, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màrókò ní Èkó, ní oṣù keje 1990, nígbà tí katakátá wó ilé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn mọ́lẹ̀ lábẹ́ Rájí Ràsákì, gómìnà ológun Èkó nígbà náà, mọ ohun tí agbára yìí lè ṣe fún àwọn tí ìwé wọn kò pé. Òfin náà wọnú ìwé òfin 1999 débi pé a kò lè yí i padà láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i. Ààrẹ Yar'Adua gbé àbá àtúnṣe rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2009. Àbá náà kò di òfin, gómìnà ló sì ṣì di ilẹ̀ mú ní Onitsha, ní Ìbàdàn àti ní Èkó.